Ọ̀já Ẹgbẹ̀rún Kókó

Ẹ jẹ́ ká mú yín lọ sí ẹnu ọ̀nà ibùdó rélùwéè kan ní ìlú Tokyo, nínú ooru oṣù Kẹjọ ọdún 1937. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Obìnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú, abẹ́rẹ́ wà lára aṣọ náà, òwú pupa sì wà lójú abẹ́rẹ́. Kò polówó ọjà, kò sì tọrọ owó. Bí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá, á tẹrí ba fún un, á bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá òun ta kókó kan ṣoṣo sára aṣọ yẹn. Onítọ̀hún á dúró, á gba abẹ́rẹ́, á fi òwú yí i po, á fà á, kókó pupa kan á jókòó sójú aṣọ. Ó parí. Wọ́n á tún tẹrí ba fún ara wọn, oníkálukú á bá tiẹ̀ lọ. Obìnrin wa á tún na aṣọ sí ẹlòmíràn. Ẹgbẹ̀rún kan ni irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ tó ń wá, nítorí ìwé ti dé fún ọkọ rẹ̀ pé kó wá di sójà, ọjọ́ tó kù nílẹ̀ kò sì pọ̀.

Irú obìnrin yìí kún ìgboro lọ́dún náà. Iwájú ilé ìtajà ńlá, ẹ̀bá afárá, ẹnu ọ̀nà ojúbọ, ibi gbogbo tí èrò bá ti ń kọjá ni wọ́n ń dúró sí. Àwòrán wọn ṣì wà títí dòní, ẹ lè rí wọn bí ẹ bá wá a. Ohun tó mú wa lójú nígbà tí àwa rí àwọn àwòrán náà ni ìrísí àwọn tó ń bá wọn ta kókó: wọ́n tẹ orí ba sórí aṣọ náà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ọlọ́tà.

Senninbari ni orúkọ nǹkan yìí lédè Jàpáànù. Sen ni ẹgbẹ̀rún, nin ni ènìyàn, bari sì ni abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn nìyẹn. Àwa á máa pè é ní ọ̀já níbí, ká má parọ́, orúkọ yẹn ló bá a mu jù nínú èdè wa. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sábà máa ń gùn tó mítà kan, tí wọ́n ń ró mọ́ ikùn lábẹ́ aṣọ sójà, tí wọ́n sì ń fi okùn tàbí bọ́tìnì so pọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀já lédè Yorùbá sì ni ohun tí ìyá fi ń di ọmọ mọ́ra kó má bàa já bọ́. Ẹ máa rí i bí a ṣe ń lọ pé ohun tí àwọn obìnrin Jàpáànù ní lọ́kàn kò jìnnà sí ìyẹn.

Kí ló dé tó jẹ́ ikùn? Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gbà pé kí òtútù má wọ inú ènìyàn. Kó tó di pé ogun dé ni àwọn ará Jàpáànù ti ní aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ ikùn kí inú má bàa run wọ́n. Èkejì ni pé hara, ìyẹn ikùn, ju ibi tí oúnjẹ ń gbà lọ létí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ìgboyà àti ìpinnu ènìyàn ń gbé. Ọmọ Yorùbá kankan ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Àwa náà la ń sọ pé inú ẹnì kan dára, inú ẹnì kan burú, onínúure, onínúfùfù, inú bí mi, inú mi dùn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dáàbò bo ọkọ rẹ̀, kò yani lẹ́nu pé inú ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ìyàwó nìkan ló ń ṣe é o. Ìyá ń ṣe é fún ọmọ, ẹ̀gbọ́n obìnrin ń ṣe é fún àbúrò. Ṣùgbọ́n ti ìyàwó ló wọ̀ wá lára jù, nítorí pé nínú ilé tí ọkọ ti ń lọ sójú ogun, òun ni yóò kù sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, pẹ̀lú àwọn òbí ọkọ, pẹ̀lú iṣẹ́ oko tàbí ṣọ́ọ̀bù.

Àṣà yìí kò ti ayé àtijọ́ wá bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ìgbà ogun Jàpáànù àti Ṣáínà, láàárín 1894 sí 1895, ni a ti ń gbọ́ ọ, ó sì tún gbilẹ̀ sí i nígbà ogun pẹ̀lú Rọ́ṣíà ní 1904 sí 1905. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù gba Manchuria ní 1931, ó tún jí padà. Ṣùgbọ́n ọdún 1937 ló di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún yẹn ni ìbọn dún nítòsí ìlú Beijing, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí àwọn òyìnbó ń fi orúkọ Marco Polo pè, ogun ńlá pẹ̀lú Ṣáínà sì bẹ́. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ogun ti dé Shanghai, ìwé ìpè sì ti ń wọ ilé lemọ́lemọ́. Ìwé pupa ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbé e wá sílé, nígbà mìíràn ní òru, ẹni tó bá sì gbà á ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti palẹ̀ mọ́.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni ìyàwó gbọ́dọ̀ rí ẹgbẹ̀rún obìnrin. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní kókó kan gba ìdajì ìṣẹ́jú, láti ìgbà tí a gba abẹ́rẹ́ títí dé ìgbà tí a dá a padà. Ẹgbẹ̀rún kókó á gba wákàtí mẹ́jọ ó lé, láìsinmi, láìjẹun, tí kò sì sí ẹnì kan tó kọ̀ tàbí tó ní òun ń kánjú. Ta ló máa rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ kan ò kúkú gbẹ́rù dórí, àmọ́ èyí tún kọjá ọwọ́ méjì. Ìyàwó lè jókòó sílé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹgbẹ̀rún kókó lálẹ́ ọjọ́ méjì, aṣọ náà á sì rí bákan náà lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ senninbari. Agbára tí wọ́n gbà pé ó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú òwú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú aṣọ. Inú pé ẹgbẹ̀rún obìnrin tí kò mọ ọkùnrin náà rí ti dúró fún ìṣẹ́jú kan nítorí rẹ̀ ló wà.

Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ẹ̀bùn yìí yàtọ̀ sí ẹ̀bùn tí a ń fi ọwọ́ ṣe fún ọkọ tàbí aya lónìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá hun fìlà fún olólùfẹ́ rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé, wò ó, èmi ni mo ṣe é, ọwọ́ mi nìyí. Obìnrin Jàpáànù yẹn ń sọ òdìkejì. Ó ń sọ pé ọwọ́ tèmi nìkan kò tó ọ dáàbò bò, mo ti lọ tọrọ ti ẹlòmíràn kún un. Ó gba ìtìjú kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀ ní gbangba, débi pé wọ́n á dúró sójú títì máa bẹ èrò ọ̀nà.

Ọgbọ́n kì í tán nílé ayé. Àwọn kan gbé aṣọ wọn lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, níbi tí ọgọ́rùn-ún mélòó kan akẹ́kọ̀ọ́ ti lè jókòó kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Àwọn mìíràn gbé e fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Méjì tó lókìkí jù nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni Aikoku Fujinkai, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, àti Kokubō Fujinkai, tó bẹ̀rẹ̀ ní Osaka ní 1932, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ épírọ́ọ̀nù funfun tí ìyàwó ilé ń wọ̀ dáná. Ẹ máa rí wọn nínú àwòrán, funfun báláú ní ibùdó rélùwéè, wọ́n ń fún sójà ní tíì, wọ́n ń ju àsíá. Àwọn oníṣòwò náà ò sùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ta aṣọ tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ tẹ àmì ẹgbẹ̀rún sí lára ní ìlà gbọọrọ, kí oníkókó kàn máa fi abẹ́rẹ́ gún ojú àmì. Wọ́n tún ń ta èyí tí wọ́n ya ẹkùn sí, kí àwọn kókó lè di àwòrán ẹkùn nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé.

Ẹkùn yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ẹkùn tiwọn kì í ṣe ẹkùn tiwa tó ní tótòtó lára o, ìlà ló wà lára tiwọn bí ẹni tó kọ àbàjà. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé igbó Jàpáànù kò ní ẹkùn rárá. Láti òkè òkun, láti Ṣáínà àti Kòríà, ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní ẹkùn lè rin ẹgbẹ̀rún ri lọ, kó sì tún rin ẹgbẹ̀rún ri padà wálé. Ri kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin. Àlọ rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n àbọ̀ rẹ̀ dájú. Nítorí náà, obìnrin tí wọ́n bí ní ọdún ẹkùn, nínú òǹkà ọdún ẹranko méjìlá tí wọ́n gbà láti Ṣáínà, ní àǹfààní tí àwọn yòókù kò ní. Kókó kan ni ẹlòmíràn lè ta, ṣùgbọ́n òun lè ta iye kókó tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ọdún 1890 jẹ́ ọdún ẹkùn, 1902 náà, 1914 náà. Ìyá tí wọ́n bí ní 1890, bó bá ń kọjá ní 1937, lè jókòó kó ta bíi kókó mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mẹ́wàá irú wọn, tí ọjọ́ orí oníkálukú ti lé ní ogójì, ti kó irinwó kókó dànù lára ìṣòro ìyàwó yẹn. Ẹ fojú inú wò ó bí wọ́n á ṣe máa wá wọn kiri: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọdún wo ni wọ́n bí yín?

Àwọn kan kò dúró lórí kókó nìkan. Wọ́n rán ìwé ààbò láti ojúbọ mọ́ inú aṣọ náà, àwọn mìíràn fi fọ́nrán irun orí ara wọn sí i. Ọ̀pọ̀ sì rán owó mọ́ ọn. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ fara balẹ̀.

Owó tí wọ́n ń rán mọ́ ọ̀já ni sen márùn-ún àti sen mẹ́wàá. Nígbà yẹn, àwọn owó yìí ní ihò láàárín, bíi kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn bàbá wa ná nígbà ìjọba òyìnbó, nítorí náà òwú lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó rọrùn láti rán mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ márùn-ún? Nítorí pé márùn-ún ti kọjá mẹ́rin. Mẹ́rin lédè wọn ni shi, ikú náà sì ni shi. Shisen, tó lè túmọ̀ sí sen mẹ́rin, dún bákan náà pẹ̀lú shisen tó jẹ́ ìlà tó wà láàárín ayé àti ikú. Ẹni tó bá ní sen márùn-ún lára ti rékọjá ìlà ikú. Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́wàá? Nítorí pé mẹ́wàá ti kọjá mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án ni ku, ìyà náà ni ku, kusen sì ni ìjà àjàkúdórógbó. Ẹni tó ní sen mẹ́wàá ti la ìjà líle kọjá.

Ó dá wa lójú pé ẹ̀yin tí ẹ mọ àrokò ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, kò nílò lẹ́tà. Ẹ̀fà ni, ó túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, èmi àti ìwọ jọ ara wa. Yorùbá kan kò lọ kọ́ ará Jàpáànù, ará Jàpáànù kan kò sì wá kọ́ Yorùbá, àmọ́ àwọn méjèèjì ti rí i pé nọ́ńbà lè sọ̀rọ̀ bí a bá tẹ́tí sí bó ṣe ń dún.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ wò ó. Ẹkùn: ó lọ, ó bọ̀. Sen márùn-ún: ó kọjá ikú. Sen mẹ́wàá: ó la ìjà kọjá. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àmì tó wà lára ọ̀já yìí tó ń sọ pé kí ọkùnrin náà lọ ṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ń sọ pé kó kú fún ọba. Gbogbo wọn ohùn kan náà ni: padà wálé.

Ohùn yẹn gan-an ni ìyàwó kò lè gbé sókè ní gbangba. Lọ́jọ́ tí sójà bá ń lọ, àdúgbò á pé jọ pẹ̀lú àsíá, wọ́n á kọrin, wọ́n á kígbe banzai, ìyàwó á dúró láàárín wọn, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú dáadáa. Ìjọba ti kọ́ wọn nílé ìwé pé kò sí ọlá tó ju kí ọkùnrin kú fún ọba lọ, kí ẹ̀mí rẹ̀ sì di ẹni àpọ́nlé ní ojúbọ Yasukuni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1941, ìwé òfin sójà tí wọ́n ń pè ní Senjinkun tún jáde, lábẹ́ orúkọ Tōjō Hideki tó jẹ́ mínísítà ogun, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun pé kí wọ́n má ṣe gbà kí ọ̀tá mú wọn láàyè. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, obìnrin tó bá pariwo pé òun ò fẹ́ kí ọkọ òun kú ń wá wàhálà.

Obìnrin kan ti pariwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Akéwì ni, Yosano Akiko lorúkọ rẹ̀. Ní 1904, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà nínú àwọn ọmọ ogun tó dó ti Port Arthur, ó tẹ ewì kan jáde nínú ìwé ìròyìn Myōjō, ó fi bẹ àbúrò náà kí ó má kú, ó sì mẹ́nu kan ọba pé òun fúnra rẹ̀ kì í lọ sójú ogun. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ōmachi Keigetsu bínú sí i, ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ìyẹn 1904, tí ilẹ̀ ṣì fẹjú díẹ̀. Ní 1937, ta ló jẹ́ dán an wò?

Nítorí náà, abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́. A kò ní sọ pé gbogbo obìnrin tó ta kókó ló ń tako ogun, irọ́ nìyẹn á jẹ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé ogun náà tọ́, inú wọn sì dùn pé àwọn náà ń ṣe nǹkan. Ohun tí a ń sọ ni pé aṣọ kan ṣoṣo gba ọ̀rọ̀ méjì. Lójú ìjọba, ó jẹ́ àmì pé gbogbo obìnrin ìlú wà lẹ́yìn sójà, ìwé ìròyìn sì ń fi àwòrán rẹ̀ polówó ogun. Nínú yàrá, lábẹ́ àtùpà, ó jẹ́ àdúrà ìyàwó pé kí ọkọ òun má kú. Ìjọba mọ̀, kò sì dá wọn lẹ́kun, torí ó wúlò fún un. Nígbà tó di 1942, wọ́n tilẹ̀ da àwọn ẹgbẹ́ obìnrin pọ̀ di ẹyọ kan lábẹ́ àkóso ìjọba. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tíkẹ́ẹ̀tì pín aṣọ fún aráàlú, tí aṣọ funfun lásán sì di ohun tí à ń wá kiri. Ní Kòríà, tó wà lábẹ́ Jàpáànù nígbà náà, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé náà sídìí rẹ̀, kí wọ́n máa ta kókó fún ogun tí kì í ṣe tiwọn.

Kí ni sójà fúnra rẹ̀ rí sí i? Ọ̀pọ̀ ò jẹ́ bọ́ ọ kúrò lára. Ṣùgbọ́n àwọn tó padà wálé sọ nǹkan kan tí àwọn ìyàwó kò rò tẹ́lẹ̀: iná. Kì í ṣe iná tó ń jó o, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára ni. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ikùn lọ́sàn-án lóru, tí kò rí omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó sì ní ẹgbẹ̀rún kókó tí ẹyin kòkòrò lè sá pamọ́ sí, ilé dé fún wọn nìyẹn. Àwọn kan kó o sínú àpò tàbí sínú fìlà dípò kí wọ́n ró o. Àwọn kan sè é nínú omi gbígbóná. Àwọn mìíràn fara dà á, wọ́n ń họra, torí bí wọ́n bá jù ú nù, ojú ta ni wọ́n fẹ́ fi wo ìyàwó wọn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò lè fò. Ní oṣù Kejìlá 1937, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn obìnrin yẹn dúró nínú ooru, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù wọ ìlú Nanjing, wọ́n pa àwọn tó ti juwọ́ sílẹ̀ àti aráàlú tí kò ní ohun ìjà, wọ́n sì fipá bá àwọn obìnrin lò, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é ní ọ̀já ẹgbẹ̀rún kókó lábẹ́ aṣọ. Ẹgbẹ̀rún obìnrin ti dúró lójú títì kí ibi má bàa bá ọkùnrin kan, ọkùnrin náà sì di ibi fún obìnrin ẹlòmíràn. A gbìyànjú láti kọ àròkọ yìí láìsí ìpínrọ̀ yìí, ká lè máa bá ìfẹ́ wa lọ. Kò ṣeé ṣe. Àwọn obìnrin Nanjing náà ní ọkọ.

Ogun náà kò sì dúró sí Ṣáínà. Ó dé Bọ́mà, níbẹ̀ ló sì ti kan àwọn ènìyàn tiwa. Láti 1943 lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn sójà láti Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn lọ síbẹ̀, nínú dífíṣọ̀n 81 àti dífíṣọ̀n 82, láti lọ bá Jàpáànù jà nínú igbó Arakan àti àfonífojì odò Kaladan. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn dáadáa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọṣẹ́ sójà. Ní oṣù Kẹta 1944, ìbọn àwọn Jàpáànù bà á létí odò Kaladan, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú igbó, àwọn ará abúlé Mùsùlùmí níbẹ̀ ló fi í pamọ́ fún oṣù bíi mẹ́sàn-án títí tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ fi padà dé. Ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì gbé ayé títí di 2012. Ilẹ̀ tiwa ti mọ ìgbàdí àti oǹdè tí àwọn jagunjagun ń sán mọ́ra kí ọta má bàa wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣègùn nìyẹn, ó lówó, ó ní èèwọ̀, ó sì ní ẹni tó mọ àṣírí rẹ̀. Ọ̀já àwọn Jàpáànù ò ní àṣírí kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá lè di abẹ́rẹ́ mú ló lè ṣe é. Ní Kaladan, ọ̀dọ́kùnrin láti Ẹ̀múrè àti ọ̀dọ́kùnrin tó ró kókó ẹgbẹ̀rún obìnrin mọ́ ikùn dojú ìbọn kọ ara wọn, kò sì sí èyí tó mọ ohun tó gbé òun dé ibẹ̀ dáadáa.

Ọ̀já náà tilẹ̀ rìn dé apá kejì ogun. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn àṣẹ tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní oṣù Kejì 1942, wọ́n kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Jàpáànù kúrò nílé wọn ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, wọ́n fi wọ́n sínú àgọ́ tí wáyà yí ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láti inú àgọ́ yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442 tó jà ní Ítálì àti Faransé. Kí ni àwọn ìyá wọn ṣe? Wọ́n wá aṣọ funfun, wọ́n wá òwú pupa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé pákó kan sí òmíràn nínú àgọ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta kókó kan. Àsíá tí ọmọ ń jà fún yàtọ̀, wáyà ìjọba àsíá náà ló sì yí ìyá rẹ̀ ká. Ẹkùn ṣì ni ẹkùn, ó lọ, ó bọ̀.

Ọ̀pọ̀ kò bọ̀. Ìjọba Jàpáànù fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 sójà àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló kú láàárín 1937 sí 1945, ebi àti àìsàn ló sì pa púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọta ìbọn. Kókó ò lè ṣe nǹkan kan sí ebi. Fún àwọn opó, ìyà míì tún wà níwájú. Ní oṣù Kejì 1946, wọ́n dá owó ìfẹ̀yìntì ológun dúró nítorí àṣẹ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà tó gba àkóso ìlú ti pa, àwọn tí ọkọ wọn kú sójú ogun ò sì rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà mọ́ títí di 1952 àti 1953. Àwọn obìnrin tí ìwé ìròyìn ń ya láwòrán ní 1937 ń ta nǹkan lójú títì, wọ́n ń ránṣọ fún ẹlòmíràn kí ọmọ lè jẹun. Ibì kan náà, ẹ̀gbẹ́ títì kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà.

Àwọn ọ̀já náà ń kọ́? Àwọn sójà Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ ọ lára òkú, wọ́n kó o lọ sílé bí ohun ìrántí. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ilẹ̀ Ọsirélíà, ó wà ní Shōwakan ní Tokyo, ó sì wà nínú àpótí òkè àjà àwọn ilé kan tí ọmọ-ọmọ ò tiẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń bá àwọn ìdílé ní Jàpáànù wá nǹkan tí àwọn sójà kó lọ, kí wọ́n lè dá a padà. Àsíá ni wọ́n ń rí dá padà jù, torí pé kí sójà tó lọ, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti kọ orúkọ wọn àti tirẹ̀ yí oòrùn pupa rẹ̀ ká. Ẹni tó bá lè ka orúkọ lè wá ilé kàn. Ọ̀já le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ò ní orúkọ kankan lára, kì í ṣe ti ọkọ, kì í ṣe ti ìyàwó. Kókó pupa ló wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, àwọn kan fún pinpin, àwọn kan dẹ̀, àwọn kan yà kúrò lójú àmì díẹ̀ bí ẹni tó ń kánjú lọ bá ọkọ̀ ojú irin.